Ta Ló Ní A Kì Í Ti Kóòtù Bọ̀ Ká Ṣọ̀rẹ́?

Bí tọkọtaya bá ní àwọn fẹ́ kọ ara wọn, òwe tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mọ̀lẹ́bí ni pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Wọ́n á wá pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ sínú yàrá: ìyàwó á kó ẹrù rẹ̀, ọkọ á gba kọ́kọ́rọ́ ilé, ó parí. Òwe náà kò purọ́. Àwọn tó ń pa á ló ṣì í lò. Ìjà ló ń bá wí, kì í ṣe ìwé.

Orí ìwé ìgbéyàwó sì ni gbogbo ọ̀ràn dá lé.

Ẹni tó ṣe ìdána nìkan, kóòtù ìbílẹ̀, bí èyí tó wà ní Mápó n'Ìbàdàn, lè tú ìgbéyàwó rẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń ṣe ìdána lọ́jọ́bọ̀, tí wọ́n á sì fọwọ́ síwèé ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí rẹ́jísìrì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Òfin ẹjọ́ ìgbéyàwó ti ọdún 1970 ló ń darí ti irú wọn, ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló sì lè tú u. Bí wọ́n bá gbàwé ìkọ̀sílẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀, tọkọtaya ṣì ni wọ́n lójú òfin. Nígbà tí ọkọ bá kú ni àṣírí máa ń tú: ìyàwó àkọ́kọ́ á mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ jáde, ìyàwó tuntun á sì rí i pé òfin kò mọ òun sí aya.

Ẹnìkan lè ní owó lọ́yà wọ́n, ẹjọ́ a sì máa falẹ̀. Òótọ́ ni. Síbẹ̀ ara ìdí tó fi ń falẹ̀ ni pé òfin ọdún 1970 yìí kò kórìíra ìlàjà. Ó ní kí adájọ́ máa wò ó bóyá àtúnṣe ṣì ṣeé ṣe, kì í sì í sábà gba ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ lórí ìgbéyàwó tí kò tíì pé ọdún 2 láìgba àṣẹ kóòtù. Ẹni tó pẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe: bóyá ẹnì kejì ti pa á tì fún ọdún kan, tàbí wọn kò gbé pọ̀ fún ọdún 3. Lẹ́yìn ìdájọ́ pàápàá, oṣù 3 ṣì ń kọjá kó tó fìdí múlẹ̀.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin wọn nìkan ni ìdílé ọkọ sábà máa ń gbọ́, tó bá sì kan àwọn ọmọ tí tọkọtaya bí, wọ́n á ní ilé bàbá ló ni ọmọ. Òfin ní tirẹ̀ ní ire ọmọ ló ṣáájú. Ọmọ lè gbé lọ́dọ̀ ìyá, kí bàbá máa san owó ilé-ìwé.

Ibí gan-an ni iṣẹ́ mọ̀lẹ́bí wà: kí wọ́n jókòó ti àwọn méjèèjì, kí wọ́n fẹnu kò lórí owó oúnjẹ, owó ilé-ìwé àti ibi tí ọmọ yóò ti lo họ́lídè, kí lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀, kí adájọ́ sì sọ ọ́ di àṣẹ. Àwọn tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè ti kóòtù bọ̀ kí wọ́n sì jọ jókòó níbi ìgbéyàwó ọmọ wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà ilé, ẹ béèrè ìwé ìgbéyàwó kí ẹ tó ní kí ẹnikẹ́ni kó ẹrù. Bí owó lọ́yà kò bá sí, àjọ Legal Aid Council wà fún aláìní, ilé ìlàjà ìjọba Èkó, Citizens' Mediation Centre, kò sì gba kọ́bọ̀.