Kí Ìṣáwùrú Má Di Orúkọ Lásán

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa, gbogbo wa la mọ orúkọ ìṣáwùrú, ìgbín inú omi. Mélòó nínú wa ló ti rí i lódò?

Ní Òṣú àti káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn awakùsà ń fi omi odò fọ iyẹ̀pẹ̀ kí wọ́n lè rí wúrà. Ẹrẹ̀ ń bo òkúta tí ìṣáwùrú ti ń jẹun. Ẹja lè sá lọ. Ìṣáwùrú kò lè sáré. Ìwakùsà yìí kan náà ló sọ odò Ọ̀ṣun di ẹlẹ́rẹ̀, bẹ́ẹ̀ UNESCO ti dá Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo mọ̀ láti 2005.

Kí ìjọba lé awakùsà kúrò létí odò. Àwa náà, ẹ jẹ́ ká bi àwọn àgbà ilé wa léèrè nípa ìṣáwùrú, ká kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá kú tán, kí la fẹ́ nawọ́ sí fọ́mọ tó bá béèrè ìtumọ̀ orúkọ náà?