A Kì í Gba Owó Orí Lórí Ọ̀rọ̀ Ẹnu

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ti san owó orí, tí ẹ ti san owó omi, ẹ gbọ́ èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ùgáńdà. Ní oṣù keje 2018, ìjọba ibẹ̀ bu owó orí lé ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lo Facebook, WhatsApp tàbí Twitter ní láti kọ́kọ́ san 200 ṣílè owó ilẹ̀ wọn lójoojúmọ́. Ààrẹ Museveni, tí ó gorí àga ní 1986, ní òfófó ni àwọn ènìyàn ń fi í ṣe. Òfófó! Bí tálákà bá bèèrè bí a ti ná owó ìlú, òfófó ha nìyẹn bí?

Àwọn òyìnbó amúnisìn ni wọ́n fi òfin ìdìtẹ̀ sílẹ̀ fún Ùgáńdà, bí wọ́n ti fi í sílẹ̀ fún àwa náà. Ní 2010, ilé ẹjọ́ fagi lé e. Ní 2011, òfin mìíràn dé nípa ìlò kọ̀ǹpútà. Ejò tí a lé lẹ́nu ọ̀nà ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Òfin yìí ni wọ́n fi mú Dókítà Stella Nyanzi ní 2018, nítorí ewì tí ó fi bú Ààrẹ àti ìyá rẹ̀ lórí Facebook. Àwa kò yin ẹni tí ń bú ìyá ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n kọ́ ni èsì èébú. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù 18 fún un ní 2019. Nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga fi dá a sílẹ̀ ní 2020, ó ti lò ju ọdún kan lọ ní àtìmọ́lé.

Nígbà tí ìdìbò 14 oṣù kìíní 2021 ku ọ̀la, ìjọba gé íntánẹ́ẹ̀tì kúrò ní gbogbo ilẹ̀ náà. Ẹ̀yin olóko kòkó, èwo nínú yín ni yóò gbà kí oníbàárà pa fìtílà nígbà tí ó bá gbé kòkó yín sórí òṣùwọ̀n?

Kí a má fi Ùgáńdà rẹ́rìn-ín. Ní oṣù kẹfà 2021, ìjọba Nàìjíríà ti Twitter pa. Oṣù méje ni ó fi wà bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ ECOWAS sì wí ní 2022 pé kò bófin mu. Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá wá tọrọ ìbò yín, ẹ bi í léèrè: òfin wo ni yóò fi dí wa lẹ́nu lọ́la? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ má ṣe dìbò fún un.