Bí A Bá Máa Sin Ajá Olùṣọ́ Ẹran, Ẹ Jẹ́ Ká Sìn Ín Dáadáa

Ìbéèrè kan máa ń wá sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀: ṣé Mùsùlùmí lè sin ajá? Àwọn tí olè ń jí àgùntàn wọn ló sábà ń bèèrè. Àwọn àfáà wa ti ṣàlàyé: hádíìsì sọ pé làádá ẹni tó ń sin ajá lásán á máa dín kù lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ó yọ ajá ọdẹ, ajá oko àti ajá tó ń ṣọ́ ẹran sílẹ̀. Èrò tiwa ni pé ẹni tó bá gba ìyọ̀ǹda yìí ti gba ìtọ́jú ajá náà mọ́ ọn.

Ẹ wo àwọn darandaran Mùsùlùmí ní agbègbè Sivas, lórílẹ̀-èdè Tọ́kì. Kangal ni ajá tó ń bá wọn ṣọ́ àgùntàn lọ́wọ́ ìkookò. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyanrìn, ojú rẹ̀ dúdú, akọ rẹ̀ sì lè wọn 60 kílò. Láti kékeré ni wọ́n ti ń tọ́ ọ láàárín àgùntàn kí ó lè mọ̀ wọ́n ní ará ilé. Kì í da ẹran. Ó kàn ń dúró tì wọ́n ni. Wọ́n a fi irin ẹlẹ́gùn-ún sí i lọ́rùn kí ìkookò má baà bù ú lọ́fun jẹ. Irú ajá bẹ́ẹ̀ nílò pápá tó fẹ̀. Kì í ṣe ajá tí à ń so mọ́lẹ̀ nínú ọgbà kótópó. Irun rẹ̀ nípọn, nítorí náà nínú ooru, ó gbọ́dọ̀ ní ibòji àti omi nígbà gbogbo.

Àìsàn àkọ́kọ́ tó yẹ ká bẹ̀rù ni dìgbòlugi. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń dènà rẹ̀. Bí ajá bá bu èèyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àmì àìsàn náà bá ti yọ, agbára káká lèèyàn fi ń yè é.

Èkejì ni aràn. Ajá tó jẹ ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró àgùntàn ní tútù lè kó aràn kan. Ẹyin rẹ̀ á bá ìgbẹ́ ajá jáde, á dé ọwọ́ ọmọdé, á sì di àpò omi nínú ẹ̀dọ̀ ọmọ náà. Àìsàn yìí wà ní Tọ́kì títí dòní. Lọ́jọ́ Iléyá, ẹ má ju ẹ̀dọ̀ tàbí ìfun tútù fún ajá. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìn. Oògùn praziquantel ló ń pa aràn náà, dókítà ẹran ni kó sì sọ ìwọ̀n tí ajá yóò lò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún ajá ní paracetamol tàbí ibuprofen tiyín. Ó lè pa á. Ẹ má sì máa da oògùn calcium sóúnjẹ ọmọ ajá ńlá, nítorí ó lè ba egungun rẹ̀ jẹ́.

Ẹ ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀. Èyí tó bá lá nínú tiyín, ẹ fọ̀ ọ́ nígbà méje, kí ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ kún un bí hádíìsì ti wí. Ẹ má jẹ́ kó dé ibi tí ẹ ti ń kírun.

Ànábì wa (SAW) sọ ìtàn ẹni tí Ọlọ́hun forí jì nítorí pé ó fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ lómi. Ẹni tí kò bá lè san owó abẹ́rẹ́ àti oúnjẹ ajá, kó mọ ògiri yí ẹran rẹ̀ ká, kó sì gba ọdẹ. Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ ilé wa. Àmín.