Ta Ló Fọn Fèrè Fún Ajá Tó Sọnù?

Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀: ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ tó kọjá, èèyàn márùn-ún ló pa òwe yìí fún mi kí n tó fi nǹkan kan ẹnu. Ajá mi ló sọnù, ní ìlú Jos tí mò ń gbé. Àwọn tó ń pòwe rò pé ṣe ni àwọn ń tù mí nínú. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹ̀bi ajá ni, kí n gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún òwe náà gbọ́ dáadáa. Fèrè ń dún nínú rẹ̀. Ọdẹ kan wà nínú igbó tó ń wá ajá rẹ̀, tí kò tíì forí lé ilé. Apá ibẹ̀ la ti gbé sọnù. A di ẹ̀bi ru ajá, a ò sì bi ara wa bóyá ẹnikẹ́ni fọn fèrè.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá wa jà lé lórí, èmi gan-an sì wà lára àwọn tí mò ń bá wí.

Tanímọ̀la ni orúkọ ajá náà. Àwọn ọmọ àdúgbò gé e kúrú sí Tani. (Ẹ wá wò mí láàárín ọjà Bukuru, tí mò ń pariwo "Tani! Tani!" Ìyá Yorùbá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ̀ ń wá èèyàn, ẹ̀yin náà lẹ tún ń bi wá pé ta ni?") Alẹ́ àìsùn ọdún tuntun ló sá lọ. Àwọn ọmọ ń yin knockout lẹ́nu géètì wa, etí ajá sì gbọ́ràn jìnnà ju tèèyàn lọ. Ariwo tó ń dùn mọ́ wa lójú ọdún, ó lè da ajá lórí rú. Tanímọ̀la fo ògiri. Ẹ̀rù ló gbé e lọ, kì í ṣe àìgbọràn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kan. Ọ̀gá tó wà ní kántà ṣí ìwé ńlá, ó mú bírò. Kí ló sọnù? Mo ní ajá. Ó dé bírò rẹ̀ padà. "Kare ne kawai," ó ní, ajá lásán ni, ó sì rẹ́rìn-ín. Ká ní ewúrẹ́ ni, á kọ ọ́ sílẹ̀. Ká ní fóònù àlòkù ni, á kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun ìní ni ajá, owó la fi ń rà á, owó la fi ń bọ́ ọ, ẹni tó bá sì jí i gbé, olè ni lójú òfin bíi ti ẹni tó jí ewúrẹ́.

Àwọn kan ní àṣà òyìnbó ni kí àgbàlagbà máa wá ajá káàkiri ìgboro. Níbo ni wọ́n ti rí ìyẹn? Ọdẹ ilẹ̀ wa kì í ti oko ọdẹ wálé kó má bèèrè ajá rẹ̀. Àwọn baba wa ló ń fi odindi òwe sọ ajá lórúkọ, kí wọ́n lè máa fi pípe ajá bá ọ̀tá àdúgbò sọ̀rọ̀. Tèmi náà kò kúkú yàtọ̀. Àìbìkítà ni àṣà tuntun níbí.

Ọmọ Oǹdó ni mí. Nílùú wa, wọ́n ń fi ajá bọ Ògún, wọ́n sì ń jẹ ẹ́, nítorí náà n kò ní í jókòó sí Jos kí n máa yínmú sí ẹni tó ń jẹ ẹran ajá. Wọ́n ń jẹ ẹ́ níbí, wọ́n ń jẹ ẹ́ ní Kàlàbá, tí wọ́n ti ń pè é ní 404. Ẹnu ẹlẹ́nu kì í ṣe ẹjọ́ mi. Ẹ̀yìnkùlé ibi tí wọ́n ti ń pa á ni ẹjọ́ mi wà. Ní ọjọ́ kẹta, aládùúgbò mi kan ní kí n yáa lọ wo ibẹ̀ kó tó pẹ́ jù. Mo bá ajá méje lórí ìso. Tanímọ̀la kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ní bẹ́líìtì pupa lọ́rùn. Ẹnì kan ra bẹ́líìtì yẹn, ó wọn ọrùn ajá náà, ó dá ihò sí i kó má bàa fún un jù. Mo bi ẹni tó ń tà wọ́n pé ibo ni èyí ti wá. Ó ní wọ́n gbé e wá ni, òun kì í bèèrè. Ó wá ń dá owó lé e fún mi.

N kò rà á. N kò ya fọ́tò rẹ̀. Ajá tèmi ni mò ń wá, n kò ráyè ti ẹlòmíì. Nígbà tí mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Tí àánú ajá kò bá ṣe yín, ẹ jẹ́ kí àánú ara yín ṣe yín. Nínú 100 èèyàn tí àrùn dìgbòlugi ń pa lágbàáyé, nǹkan bí 99 ló jẹ́ pé ara ajá ni wọ́n ti kó o. Tí àrùn náà bá ti fi ara hàn lára èèyàn, ikú ló sábà máa ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀, ó ṣe é dènà: kí a fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Tí a bá gún ajá 70 nínú 100 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, àrùn náà kò ní í rí ọ̀nà gbà tàn kálẹ̀. Ní Vom, tí kò jìnnà sí wa rárá, ni ilé ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ wà láti ọdún 1924. Àwọn onímọ̀ sì ti rí kòkòrò àrùn yìí nínú ọpọlọ àwọn ajá tí wọ́n pa fún jíjẹ ní orílẹ̀-èdè yìí, tí kò sí àmì àìsàn kankan lára wọn. Ẹran tó jinná kọ́ ni mò ń bẹ̀rù. Ẹni tó ń fi ọwọ́ lásán fa ajá tí kò mọ orírun rẹ̀ jáde nínú àpò ni mò ń bẹ̀rù fún.

Iṣẹ́ ta wá ni? Ẹ ṣí Àfikún Kẹrin ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999. Ó to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Àbójútó ibi ìpẹran wà níbẹ̀. Àbójútó lílọ-bíbọ̀ àti sísìn ẹran ọ̀sìn inú ilé, irú yòówù kó jẹ́, wà níbẹ̀. Ọ́fíìsì kan ṣoṣo ló ni iṣẹ́ méjèèjì! Mo lọ sí ọ̀kan nígbà tí wọ́n wọṣẹ́ lẹ́yìn ọdún. Akọ̀wé ní àwọn kò ní ìwé kankan fún ọ̀rọ̀ ajá. Wọ́n ní rìsíìtì fún ọmọlanke. Wọ́n ní rìsíìtì fún pátákó tí mo kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi sí, wọn kì í sì í gbàgbé láti wá gba owó rẹ̀.

Ìyá oníkósáì kan ló bá mi rí i. Gbogbo ayé ń ní kí n wá a dé Farin Gada, bẹ́ẹ̀ ajá tí ẹ̀rù ń bà sábà máa ń sá pamọ́ nítòsí ni, á wá máa rìn lóru. Ìyá náà ní ajá kan ń wá ṣa èérún kósáì jẹ kí ilẹ̀ tó mọ́, á sì padà sáàárín òkìtì ilẹ̀ tí àwọn tó wa tin láyé àtijọ́ fi sílẹ̀. Aago márùn-ún ìdájí ni mo débẹ̀, nínú òtútù ọyẹ́ Jos. Mo rí i, mo pè é, ó sá. N kò lé e. Mo jókòó sílẹ̀, mo kọjú sí ibòmíì, mo wá súfèé bí mo ṣe máa ń súfèé nígbà tí mo bá ń ṣí géètì. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó fi ikùn wọ́lẹ̀ wá bá mi.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, dókítà ẹran tún un gún lábẹ́rẹ́, nọ́ńbà fóònù mi sì ti wà lọ́rùn rẹ̀ báyìí. Mo kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀: kí wọ́n ní ìwé tí wọ́n á máa kọ orúkọ ajá sí, kí ajá tó bá gba abẹ́rẹ́ gba àmì onírin tó ní nọ́ńbà, kí ẹnikẹ́ni má pa ajá tó bá ní àmì tàbí bẹ́líìtì lọ́rùn kí wọ́n tó wá olówó rẹ̀. Bébà, bírò àti irin pẹlẹbẹ ló gbà. Oṣù mẹ́ta ti kọjá, wọn kò fèsì. Mò ń kọ èkejì lọ́wọ́.