Ààwẹ̀, Ọ̀rá àti Ẹ̀dọ̀

Lóṣù Kẹta ọdún 2025, ààwẹ̀ Rámádáànì àti ti Lẹ́ǹtì pàdé. Bí wọ́n bá ti pe ìrun àṣálẹ́ lÁbúlé Adó báyìí, ẹlẹ́rìndòdò tútù àti pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù ni ọ̀pọ̀ ń sáré bá. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí a kò bá jẹun, ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ fi pamọ́ ni ara kọ́kọ́ ń ná. Ìyẹn lè tán láàárín wákàtí 12 sí 24. Ọ̀rá ara á wá gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di ohun tí ọpọlọ lè lò. Àmọ́ ṣúgà àpọ̀jù lálẹ́, ọ̀rá ni ẹ̀dọ̀ ń sọ òun náà dà. Ta ló wá gbààwẹ̀? Omi, dàbínù díẹ̀, lẹ́yìn náà mọ́ínmọ́ín: ó tó ṣínu. Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, kó kọ́kọ́ rí dókítà.