Ọkọ̀ Àgbá Lórí Tábìlì

Nígbà tí a ń to ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ fún àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí, ọmọkùnrin kan ní SS2 gbé ọkọ̀ ogun kékeré kan wá. Ọkọ̀ tí ń gbé ìbọn àgbá ni, irú Palmaria tí wọ́n ṣe ní Ítálì, tí àwọn ológun Nàìjíríà sì rà. Ó fi díẹ̀ gùn ju rúlà ìkọ̀wé lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gbé e kúrò lórí tábìlì, nítorí pé arákùnrin wa kan, ìránṣẹ́ Ọlọ́run bíi tiwa, sọ pé ohun èlò ìpànìyàn kò yẹ ilé-ẹ̀kọ́ Kristẹni. Ẹ̀rù tí ó ba arákùnrin wa kì í ṣe asán. Ní àkókò tí àwọn ajínigbé ń gbé ìbọn kiri inú igbó, ta ni yóò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn ìbọn? Síbẹ̀, a kò gbà pé ìdájọ́ náà tọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ọmọ náà ṣe, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tí ó bínú kò bi í léèrè. Igi àti páálí ni ó fi ṣe ẹ̀yà ọkọ̀ náà lákọ̀ọ́kọ́. Ó da rọ́bà olómi bò wọ́n. Nígbà tí rọ́bà náà dì, ó yọ wọ́n kúrò, ihò tí ó bá ìrísí wọn mu sì ṣẹ́kù. Inú ihò yìí ni ó da rẹ́síìnì sí, oje olómi méjì tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti pàdé, wọn kì í pẹ́ di líle. Bí atẹ́gùn bá há sínú rẹ̀, ara ìbọn yóò ní ihò wẹ́wẹ́, àfi kí a tún un dà. Ó fi ọṣẹ fọ gbogbo rẹ̀ kí ọ̀dà lè mú un. Inú omi ni ó ti fi sáńpépà yún un, torí eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn baba ńlá wa ní Ifẹ̀ tí wọ́n fi ìda ṣe ère kí wọ́n tó da idẹ mọ irú sùúrù yìí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń fín igbá ní Ọ̀yọ́. Ìwọ̀n ìdá kan nínú 35 ni ó fi ṣe é: ẹnu ìbọn tí ó jẹ́ mílímítà 155 di mílímítà mẹ́rin àti díẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fi ẹgba kọ́ ọ ní ìṣirò yẹn.

Àwa náà ṣe irú rẹ̀ rí. Ní ìgbà ogun abẹ́lé, láti 1967 sí 1970, agolo mílíìkì ni ara ọkọ̀ ogun wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, pòpórò àgbàdo sì ni ìbọn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò padà láti ojú ogun pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan. Ó jókòó, ó wò wá títí. Kò nà wá, kò gba agolo lọ́wọ́ wa, ó kàn béèrè pé, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ta ni ẹ ń yìn ín sí?" A kò rí nǹkan sọ. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, a kò tíì gbàgbé ìbéèrè náà. Bí ó bá ṣe pé ó fọ́ agolo wa ni, ẹkún wa nìkan ni à bá máa rántí.

Nígbà tí a dé Sẹ́mínárì Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tí ó ti wà láti 1898, a rí i pé wòlíì pàápàá ṣe irú iṣẹ́ yìí. Nínú orí kẹrin ìwé Esekiẹli, Ọlọ́run ní kí ó ya Jerúsálẹ́mù sára amọ̀, kí ó sì fi ohun ìjà kéékèèké dó tì í. Ẹni tí ó bá ní kí a gbé ọkọ̀ ọmọ yìí kúrò níláti sọ ohun tí a ó ṣe sí orí ìwé náà. Ṣùgbọ́n ìlú ni wòlíì kọ́kọ́ yà, ohun ìjà ni ó tẹ̀ lé e. Ibí yìí ni iṣẹ́ ọmọ wa ti kù díẹ̀ káàtó: ìbọn wà níbẹ̀, kò sí ìlú.

Ọta Palmaria a máa dé nǹkan bí kìlómítà 24. Bí a bá yìn ín láti Ọjà Akẹ̀sán sí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, yóò súnmọ́ agbedeméjì ọ̀nà. Ní ìwọ̀n tí ọmọ náà lò, ibi tí ọta ń bọ́ sí yóò jìnnà sí tábìlì tó bíi mítà 685. Ó ti kọjá ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí ń yìn ín gan-an kì í rí ojú ẹni tí ó bà.

Ọ̀yọ́ sì ti wà ní ibi tí ọta ń bọ́ sí rí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1895, Kápítẹ́nì Bower, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ní Ìbàdàn, yin àgbá lu ìlú náà, nígbà ayé Aláàfin Adéyẹmí Kìíní. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó kọ ìwé ìtàn Yorùbá, ni ó ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn ní Ọ̀yọ́ nígbà náà. Ọmọ mélòó nínú àwọn tí ń gba ẹ̀gbẹ́ Ààfin kọjá lójoojúmọ́ ni ó gbọ́ ọ rí?

Nítorí náà a bẹ ọ̀gá àgbà kí ó dá ọkọ̀ náà padà sórí tábìlì, kí ó sì fún ọmọ náà ní iṣẹ́ kejì: Ọ̀yọ́ ti ọdún 1895, apá kan Ààfin, ìsọ̀ díẹ̀ ní Akẹ̀sán, àti àwọn ènìyàn. Ènìyàn tí ó ga ní mítà 1.75 yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 ní ìwọ̀n tirẹ̀. Kí ó má ṣe da gbogbo wọn láti inú ihò kan ṣoṣo. Kí ó ṣe wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ojú wọn yàtọ̀ síra. Ẹgbẹ́ ọdún tiwa yóò san owó rẹ́síìnì náà.