Ẹ Wo Omi Kí Ẹ Tó Wá Oògùn

Ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀: bí ẹja tí a ń sìn bá ń ṣàìsàn, omi rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kì í ṣe àpò oògùn. Mo mọ ohun tí mo ń sọ, torí èmi gan-an ni mo ṣe àṣìṣe náà.

Gbogbo wa la mọ Arẹwà, ẹja bẹ́tà pupa tó wà nínú abọ́ gíláàsì ní yàrá sáyẹ́ǹsì. Nígbà tí a wọlé ní oṣù kìíní, tí ọyẹ́ Jos ń mú gan-an, kò jẹun mọ́. Ìsàlẹ̀ abọ́ ló ń sùn sí, ó pa apá àti ìrù rẹ̀ mọ́ra. Ẹnì kan ní ibà ni. Ẹlòmíì ní àárò ilé ló ń ṣe é. Ni mo bá mú kápúsù ampicillin kan tó ṣẹ́kù nínú lọ́kà mi, mo tú u sínú omi. Àṣé dókítà ni mí! Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, omi ti dà bí omi ògì, ẹja sì ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wa ò nà mí. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n bi mí: "Ìgbà wo lẹ pààrọ̀ omi gbẹ̀yìn? Báwo ló ṣe tutù tó? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń fún un lóúnjẹ lójúmọ́?" Mi ò rí ọ̀kan dáhùn. Wọ́n ki tẹmọ́mítà bọ omi, ó ka 19. Ilẹ̀ olóoru bíi Táílàńdì ni bẹ́tà ti wá, 24 sí 28 ló sì bá a lára mu. Oúnjẹ tí kò jẹ tán ti ń jẹrà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìgbẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ló ń di amóníà, tó ń ta ẹja lára. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Kápúsù mi tiẹ̀ tún lè pa àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń bá wa jẹ amóníà ọ̀hún.

Àwọn kan máa ń sọ pé bẹ́tà ò nílò omi tó mọ́, torí ó lè yọ ẹnu sókè mí afẹ́fẹ́. Òótọ́ ni pé ó ń mí afẹ́fẹ́ òkè. Ṣùgbọ́n inú omi náà lara rẹ̀ wà tọ̀sán-tòru. Ta ló máa sùn nínú ṣáláńgá torí pé fèrèsé ibẹ̀ ṣí sílẹ̀?

Ohun tí a wá ṣe nìyí. A gbé abọ́ kúrò lẹ́bàá fèrèsé, olùkọ́ wa sì tan gílóòbù tó ń gbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń tàn fún ọmọ adìyẹ. Lójoojúmọ́ la ń pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta omi rẹ̀. Omi ẹ̀rọ tó ti wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì láti àná la ń lò, kí kiloríìnì inú rẹ̀ lè ti fò lọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Arẹwà jẹun. Ìrù rẹ̀ tó ya ò tíì hù tán títí di òní.

Mi ò sọ pé oògùn ò wúlò o. Bí ara ẹja bá ní àmì funfun wínníwínní bí iyọ̀, kòkòrò ló wà lára rẹ̀, ó sì nílò oògùn. Bí ara rẹ̀ bá wú tí ìpẹ́ rẹ̀ ń dìde, àìsàn ńlá nìyẹn, ẹ tètè ké sí ẹni tó mọ̀ nípa ẹja. Ṣùgbọ́n bí ikùn nìkan bá wú lẹ́yìn àjẹjù, ẹ jẹ́ kó gbààwẹ̀ ọjọ́ kan tàbí méjì ná.

Ibi tí a ti ń wo olókùnrùn la ti ń wo ara ẹni. Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, bí orí bá fọ́ ẹnì kan, kápúsù tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ló máa gbé mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ bá nọ́ọ̀sì. Àwọn máa ń béèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fúnni lóògùn.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo bẹ̀ yín, ẹ yan ọmọ méjì lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí yóò máa bójú tó omi Arẹwà, kí ẹ sì yan ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ nígbà ìsinmi. Orúkọ mi ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ.